ÌWÉ ÌDÌBÒ ABẸ́LÉ ỌDÚN 1993 NÍ ÌPÍNLẸ̀ ÒGÙN: TA LÓ KÓ O PAMỌ́?

 

Bí a bá ti ń ṣe àjọ̀dún, a máa ń fi àyè kan sílẹ̀ fún ìtàn. Ti ọdún yìí, ọ̀rọ̀ ìwé la fẹ́ sọ. Kì í ṣe ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ìwé tí à ń wí ni èyí tí kọ̀mítì olóṣèlú ní ìpínlẹ̀ máa ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tí páátì yóò fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ: orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, iye ìbò, owó tó wọlé, owó tó jáde, lẹ́tà, àti ìwé ìpàdé. Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1993, ohun tó sì tìdí rẹ̀ jáde kan gbogbo Nàìjíríà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bínú pé akọ̀wé ń yọ òun lẹ́nu lórí pásíbúùkù àti risíìtì, kó fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán ná.

Ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́yẹ

Àwọn àgbà inú wa ò tíì gbàgbé. Lọ́dún 1989, ìjọba ológun Ibrahim Babangida kọ̀ gbogbo páátì tí àwọn olóṣèlú dá sílẹ̀, ó sì dá méjì sílẹ̀ fúnra rẹ̀: SDP àti NRC. Ẹṣin ni àmì SDP, ẹyẹ idì ni ti NRC. Lọ́jà, ta ló ń pe orúkọ òyìnbó? Ẹlẹ́ṣin ni lágbájá, ẹlẹ́yẹ ni tàmẹ̀dò, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìjọba fi owó ìlú kọ́ ọ́fíìsì fún páátì méjèèjì káàkiri àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò gómìnà ní ìparí ọdún 1991, ẹlẹ́ṣin ló wọlé lọ́dọ̀ wa, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà sì di gómìnà ní oṣù kìíní 1992.

Lọ́dún 1992 náà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdìbò abẹ́lé láti mú ẹni tí yóò du ipò ààrẹ. Kò lọ déédéé. Ẹ̀sùn pọ̀ jọjọ: wọ́n ní orúkọ tó wà nínú ìwé ju èèyàn tó wà nílẹ̀ lọ, wọ́n ní owó ló ń sọ̀rọ̀, ìbò ò rí ẹnu fọhùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Babangida wọ́gi lé gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí àwọn olùdíje 23 lọ jókòó sílé, kí wọ́n má ṣe díje mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: nítorí ìwé orúkọ tí èèyàn ò fọkàn tán ni ìdìbò àkọ́kọ́ ṣe túká.

Ìgbà náà ni àjọ elétò ìdìbò, NEC, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu jẹ́ alága rẹ̀, gbé ètò mìíràn dé tí wọ́n pè ní Option A4. Bí ètò náà ṣe rí nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ààrẹ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, láàárín àwọn tó mọ bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Bó bá borí níbẹ̀, ó di ìjọba ìbílẹ̀. Bó bá borí níbẹ̀, ó di ìpínlẹ̀. Ẹnì kan péré ni páátì kọ̀ọ̀kan lè mú jáde ní ìpínlẹ̀ kan. Àwọn tó borí ní ìpínlẹ̀ wọn ló máa wá pàdé níbi àpéjọ gbogbogbòò.

Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún irú wa. Ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Mowé tàbí Ìbafò, wọ́ọ̀dù rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì kọjá sí ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ará Ifọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, ó kọjá sí ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀. Gbogbo rẹ̀ wá pàdé ní Abẹ́òkúta. Nígbà náà, Mowé àti Ìbafò ò tíì kún báyìí, abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni. Síbẹ̀, ìlà kan náà ni olówó ọ̀kẹ́ àìmọye àti ìyá tó ń ta fùfú bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Ẹ fi wé ọdún 2022, nígbà tí APC mú ẹni tirẹ̀ ní Àbújá: àwọn aṣojú nìkan ló dìbò, 1,271 nínú ìbò wọn sì ló gbé Bọ́lá Tinúbú wọlé. Ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní wọ́ọ̀dù, inú rédíò ló ti gbọ́.

Láti wọ́ọ̀dù dé Jos

Moshood Káṣìmawò Ọláwálé Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 1937, ló jáde láti ìpínlẹ̀ Ògùn fún SDP. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó ti wà nínú NPN láyé Shagari, ó fẹ́ du ipò ààrẹ níbẹ̀, ọ̀nà ò là, ó sì fi páátì náà sílẹ̀ lọ́dún 1982. Ní 1993, Hope '93 ni wọ́n pe ìpolongo rẹ̀, Jonathan Zwingina sì ni olùdarí rẹ̀.

Ní ìparí oṣù kẹta 1993, àwọn aṣojú SDP láti gbogbo ìpínlẹ̀ péjọ sí Jos. Ní ìdìbò àkọ́kọ́, Abíọ́lá ní 3,617, Babagana Kingibe ní 3,255, Atiku Abubakar ní 2,066. Kò sẹ́ni tó ní tó. Atiku yẹra, wọ́n tún ìbò dì: Abíọ́lá ní 2,683, Kingibe ní 2,456. Ẹ bá wa yọ ọ́ kúrò lára ara wọn bí a ṣe ń yọ owó ọjà kúrò nínú èrè. Ìbò 227 ló wà láàárín wọn! Èrò tó ń sọ̀ lórí àfárá Ìbafò láàárọ̀ Mọ́ńdè kan jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí orúkọ aṣojú díẹ̀ bá ti sọnù nínú ìwé ìpínlẹ̀ méjì mẹ́ta, ìtàn Nàìjíríà lè gba ibòmíràn.

Iṣẹ́ tí kọ̀mítì ìpolongo ní ìpínlẹ̀ ń ṣe nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn wa. Ariwo àti ìlù ni à ń rí níta, àmọ́ inú ilé, ìwé ni wọ́n ń kọ. Ta ni ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù yìí? Ta ni yóò lọ ṣojú wọn? Mọ́tò mélòó ni yóò gbé wọn? Epo èló? Níbo ni wọn yóò sùn? Ta ni yóò dúró bí èjẹ́ǹtì níbi tí wọ́n ti ń ka ìbò? Kọ̀mítì tí kò bá rí èyí kọ sílẹ̀, àfẹ́fẹ́ lásán ló ń kó kiri.

Ìwé tí a fọwọ́ sí àti ìwé tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ sí

Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993 dé. Ojú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti ka ìbò ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pe iye rẹ̀ sókè, èjẹ́ǹtì ẹlẹ́ṣin àti ti ẹlẹ́yẹ fọwọ́ sí ìwé náà, oníkálùkù sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ dání. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Abíọ́lá ní ìbò 425,725, Bashir Tofa ti NRC ní 59,246. Bí a bá pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, Abíọ́lá kó 87 ó lé díẹ̀. Ní gbogbo Nàìjíríà, iye tí àwọn èèyàn mọ̀ jù ni 8,341,309 fún Abíọ́lá àti 5,952,087 fún Tofa.

NEC ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ èsì mọ́ ojú pátákó ní Àbújá. Èsì ìpínlẹ̀ 14 ti jáde kí ilé ẹjọ́ tó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n sì dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 16. Ní ọjọ́ 18, ẹgbẹ́ Campaign for Democracy gbé èsì jáde fúnra wọn. Báwo ni aráàlú ṣe mọ èsì tí ìjọba ò kéde? Àwọn ìwé tí èjẹ́ǹtì fọwọ́ sí ní ibùdó ìdìbò ni. Ìjọba lè dí NEC lẹ́nu, kò lè gba ìwé tó wà nínú àpò ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, wọ́n wọ́gi lé ìbò náà. Ẹ gbọ́ ibi tó dùn wá jù, àwa akọ̀wé. Ìwé tí wọ́n kà fún àwọn oníròyìn kò ní orí ìwé ìjọba, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ sí i. Èèyàn mílíọ̀nù 14 ó lé dìbò, bébà tí ò ní ìfọwọ́sí ló pa á rẹ́. Nínú ìwé tí Babangida fúnra rẹ̀ kọ jáde lọ́dún 2025, ó ní Katsina lòun wà lọ́jọ́ náà, òun ò sì pàṣẹ pé kí wọ́n kà á. Ṣé ẹ rí ohun tí ìwé aláìlórúkọ máa ń ṣe? Ní ọjọ́ tí ẹjọ́ bá dé, oníkálùkù yóò ní kì í ṣe òun.

Babangida kúrò lórí àlééfà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 1993, ó sì fi Olóyè Ernest Ṣónẹ́kàn, ọmọ Abẹ́òkúta mìíràn, sípò olórí ìjọba fìdíhẹ. Abíọ́lá gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá, obìnrin bíi tiwa, Adájọ́ Dọlápọ̀ Akínsànyà ti ilé ẹjọ́ gíga Èkó, dá a pé ìjọba fìdíhẹ ò bófin mu. Kí ni ó dì mú? Ìfọwọ́sí náà ni. Ó ní Babangida ti fọwọ́ sí òfin tó yọ òun fúnra rẹ̀ nípò kó tó fọwọ́ sí èyí tó dá ìjọba fìdíhẹ sílẹ̀. Ẹni tí kò sí nípò mọ́, kí ló tún ń fọwọ́ sí? Ọ̀rọ̀ èwo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀ lé e, òun ló gbé ìjọba odidi ṣubú nílé ẹjọ́.

Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n. Sani Abacha gba ìjọba ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá. Wọ́n mú Abíọ́lá ní 1994, wọ́n yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀ Kúdírátù ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1996, òun náà sì kú sí àhámọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1998. Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Níbo ni ìwé wà?

Nígbà tí Abacha dé, ó tú SDP àti NRC ká. Páátì tí wọ́n bá ti tú ká, ọ́fíìsì rẹ̀ ò ní olówó mọ́. Ìjọba gba ilé wọn padà, wọ́n sì sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di ọ́fíìsì mìíràn. Ìwé inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá ní ọgbọ́n gbé tirẹ̀ lọ sílé. Ẹni tí ẹ̀rù bá, ó jó o, torí láyé Abacha, káàdì ẹlẹ́ṣin lè di ẹ̀sùn. Bí ìwé ìpolongo ṣe di ohun abẹ́ ibùsùn nìyẹn, tí ó ń dúró de ikán tàbí de ọjọ́ tí àwọn ọmọ olóògbé bá ń tún ilé ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo ibòmíràn. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1960, John Kennedy borí Hubert Humphrey nínú ìdìbò abẹ́lé ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà. Ìwé ìpolongo ọdún yẹn, tí wọ́n tò ní ìpínlẹ̀ ìpínlẹ̀, wà nínú ilé ìkàwé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ní Boston. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wọlé lọ kà á.

Ẹnikẹ́ni má sọ pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan nìyẹn. Ìyá tiwa ṣe é ní Abẹ́òkúta. Láàárín 1947 sí 1949, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí àwọn ọlọ́jà pọ̀ nínú wọn, dìde lòdì sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi orí oyè sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Ìwé màmá náà wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn títí dòní. Nítorí pé wọ́n kó o pamọ́ ni ọmọdé òní fi lè mọ̀ pé kì í ṣe ariwo nìkan ni àwọn ìyá wọ̀nyẹn pa, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n ṣe ìṣirò, wọ́n gba agbẹjọ́rò.

Orúkọ obìnrin nínú ìwé ìnáwó

Ohun kan wà tó kan àwa obìnrin gan-an. Nínú ìwé ìpàdé olóṣèlú, orúkọ ọkùnrin ló kún ibẹ̀: alága, igbákejì, agbẹnusọ. Níbo ni obìnrin wà? Inú ìwé ìnáwó ni. Ìyá olóúnjẹ, iye báyìí. Aránṣọ tó rán aṣọ ẹgbẹ́jọdá, iye báyìí. Ìyá oníyẹtuye tó kó omi wá, àwọn tó yá wọn ní àga àti àtíbàbà, àwọn tó kọrin láti òru mọ́jú. Bí ìwé ìnáwó bá sọnù, obìnrin ti sọnù nínú ìtàn nìyẹn. Àwọn tó ń kọ̀wé ìtàn yóò sọ pé ọkùnrin ló ṣe gbogbo rẹ̀, a ò sì ní ohun tí a fi máa já wọn nírọ́.

Ìyá kan nínú wa tó ń se oúnjẹ tà, se ìrẹsì àti ẹran fún àwọn olóṣèlú kan. A ò ní dárúkọ páátì náà. Wọ́n san ìdajì, wọ́n ní kó wá gba ìyókù lẹ́yìn ìbò. Nígbà tó débẹ̀, ẹni tó bá a dúnàádúrà ti lọ, ẹni tó bá níbẹ̀ sì bi í léèrè pé, "Màmá, ìwé dà?" Ìwé ò sí. Owó náà wọlẹ̀ títí dòní. Kì í ṣe pé kò se oúnjẹ náà o. Àwọn tó jẹ ẹ́ ṣì wà láyé. Àmọ́ ẹnu ẹni tó yó kì í ṣe risíìtì.

Òtítọ́ a máa pẹ́ kó tó dé

Ọdún 25 lẹ́yìn ìdìbò náà, ní 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà di ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, ó sì fi oyè GCFR dá Abíọ́lá lọ́lá lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní oṣù kejì 2025, Babangida tó wọ́gi lé ìbò náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé Abíọ́lá ló borí. Ó ní nígbà tí òun tún èsì láti àwọn ibùdó ìdìbò wò, ìbò 8,128,720 ni Abíọ́lá ní, Tofa sì ní 5,848,247.

Ẹ fi iye yìí wé èyí tí a kọ lókè. Kò bára mu pátá: ti Abíọ́lá fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé díẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó borí ò yí padà, àmọ́ ìyàtọ̀ wà. Kí ni a fi lè yanjú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ẹnu àgbà, kì í ṣe ìbúra. Ìwé ìpínlẹ̀ àti ti wọ́ọ̀dù, èyí tí èjẹ́ǹtì fọwọ́ sí, la máa tò sílẹ̀ ká kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń ka owó àjọ lójú gbogbo èèyàn. Ìdí nìyí tí bébà tó wà lábẹ́ ibùsùn bàbá ẹnì kan ní Owódé tàbí Ifọ̀ kì í fi í ṣe ìdọ̀tí.

Kí ni ká ṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ wo inú àpótí ilé yín. Ẹni tó bá rí káàdì SDP tàbí NRC, ìwé èjẹ́ǹtì, risíìtì, fọ́tò ìpolongo, lẹ́tà páátì, kó má jó o, kó má sì fi di ẹ̀pà. Kó kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ọdún rẹ̀ sẹ́yìn àpò ìwé tó bá kó o sí, kó ṣe fọ́tókópì rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá gbà, ẹ kó o lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, níbi tí ìwé ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá àtijọ́ wà. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn pé wọ́n gbà á.

Èkejì, ẹ fi ẹnu àwọn àgbà sílẹ̀ nínú ìwé. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ fóònù tẹ̀, ẹ gba ohùn ìyá yín sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: wọ́ọ̀dù wo ni ẹ ti dìbò abẹ́lé? Ta ló kó yín jọ? Kí ni ẹ tà, kí ni ẹ sè? Ẹni tó jẹ́ ọmọ 30 ọdún nígbà náà ti kọjá 60 báyìí.

Ẹ̀kẹta, nínú ẹgbẹ́ wa níbí. Bí a bá yan òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tuntun, kí a kọ iye ìbò oníkálùkù sílẹ̀, kí ẹni tó borí àti ẹni tí kò borí fọwọ́ sí i, kí ọjọ́ sì wà lórí rẹ̀. Kí ìwé kan má ṣe wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo: kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́dọ̀ akápò, ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn ìyá ẹgbẹ́. Bí owó bá jáde, kí orúkọ ẹni tó gbà á hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ owó omi. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó tẹ ìka. Ìka kì í parọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, páátì ń bọ̀, páátì ń lọ. Ẹṣin ti lọ, ẹyẹ ti fò lọ. Àwọn tó wà lóde báyìí náà, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò di ìtàn. Kí ìtàn tiwa má baà dà bí ọbẹ̀ tí a sè tí ẹnikẹ́ni ò rántí ẹni tó sè é, ẹ jẹ́ ká máa kọ ọ́ sílẹ̀, ká fọwọ́ sí i, ká sì kó o pamọ́.

  

Akọ̀wé Ẹgbẹ́